Ajá ńlá wa ti ń jẹ ṣokoléètì tipẹ́, kò ṣe é ní nǹkan: ṣé ọmọ ajá náà lè jẹ ẹ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ajá ńlá kan wà nílé wa tó wọn bíi kílò 30. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ mi ti máa ń já díẹ̀ fún un nínú ṣokoléètì wọn, kò sì ṣe é ní nǹkan kan rí. Ní báyìí a ti gba ọmọ ajá kan tí kò ju kílò 4 lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó fẹnu kan ṣokoléètì, pé májèlé ni fún ajá. Ọkọ mi ní àsọdùn ni, pé ẹ̀rí wà nílé wa. Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì? Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ó jẹ ẹ́, ṣé kí n fún un ní mílíìkì ni, àbí omi iyọ̀ kó lè bì í jáde?

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n yín ló jàre. Ọkọ yín náà kò purọ́ o, torí òótọ́ ni pé ajá ńlá yẹn ń jẹ ẹ́ tí kò sì ṣe é ní nǹkan. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó fi ọ̀rọ̀ ajá kan dá ẹjọ́ ajá mìíràn tí ìwọ̀n ara rẹ̀ kò tó ìdá keje ti àkọ́kọ́. Májèlé inú ṣokoléètì kì í mọ ajá tó gbójú yàtọ̀ sí ajá ojo. Ìwọ̀n ló ń tẹ̀ lé: irú ṣokoléètì wo ni, báwo ló ṣe pọ̀ tó, kílò mélòó sì ni ajá tó jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣí ìṣirò náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi han bàbá àwọn ọmọ fúnra yín.

Ohun tó ń ṣe ọṣẹ́ nínú ṣokoléètì ni wọ́n ń pè ní theobromine. Inú irúgbìn kòkó ló ti wá. Lọ́dún 1841 ni onímọ̀ kẹ́míkà ará Rọ́ṣíà kan kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde nínú rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni kaféènì tí gbogbo wa mọ̀ nínú kọfí, kaféènì náà sì wà nínú ṣokoléètì, àmọ́ kò pọ̀ tó theobromine. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Nínú ara ajá àti tèèyàn, ohun kan wà tó ń jẹ́ adenosine, òun ló máa ń sọ fún ọpọlọ àti ọkàn pé kí wọ́n rọra. Theobromine á lọ jókòó sí ààyè adenosine, adenosine kò sì ní rí ibi tó máa gbà ṣiṣẹ́. Ìjánu bọ́ nìyẹn: ọkàn á máa sáré, ọpọlọ á máa ta jí, iṣan ara á máa gbọ̀n, kíndìnrín á sì máa tú ìtọ̀ jáde láìdáwọ́ dúró. (Abájọ tí àwọn tó ń ṣàkóso eré ẹṣin fi kà á mọ́ oògùn tí wọn kò gbọdọ̀ bá lára ẹṣin lọ́jọ́ ìdíje.)

Ẹ ó wá bi mí pé kí ló dé tí àwa èèyàn ń jẹ odidi páálí rẹ̀ tí a sì ń lọ síbi iṣẹ́ wa. Ẹ̀dọ̀ ló fa ìyàtọ̀. Ẹ̀dọ̀ tiwa máa ń tètè tú theobromine palẹ̀. Láàárín wákàtí 6 sí 10, ìdajì ohun tí a jẹ ti kúrò lára. Ti ajá kì í yá bẹ́ẹ̀. Ó tó nǹkan bíi wákàtí 17 àti ààbọ̀ kí ìdajì tó kúrò lára ajá, ìdajì yòókù á sì tún lo iye wákàtí bẹ́ẹ̀ kó tó dín sí ìdajì. Nígbà tó bá tiẹ̀ dé inú àpò ìtọ̀, tó yẹ kó máa bọ̀ lóde, ó ṣì lè gba ara àpò náà padà sínú ẹ̀jẹ̀ bí ajá kò bá tètè tọ̀ ọ́ dànù.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ “díẹ̀díẹ̀ la máa ń fún un.” Ẹ wò ó: àbúrò já díẹ̀ fún ọmọ ajá láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n kò mọ̀, òun náà já díẹ̀ fún un lálẹ́, àlejò dé lọ́jọ́ kejì, ó tún ju ẹyọ kan sí i. Kò sí ẹni tó fún un ní ohun tó pọ̀ nínú wọn. Àmọ́ ti àárọ̀ àná ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ti òní ń wọlé, ajá náà ló sì ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ó yá, ìṣirò. Bí theobromine tí ajá jẹ bá tó mílígíráàmù 20 lórí kílò kan ìwọ̀n ara rẹ̀, a ń retí èébì, ìgbẹ́ gbuuru, òùngbẹ àti àìfarabalẹ̀. Bó bá tó 40 sí 50, ọkàn ni ọ̀rọ̀ kàn: ó lè máa lù kìkìkì, ó lè máa lù ségesège. Bó bá tó 60 sókè, gìrì lè mú un. Láàárín 100 sí 200, ikú kò jìnnà. Iye wọ̀nyí kì í ṣe odi tí kò ṣeé rékọjá. Ajá tó ti darúgbó tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò dá ṣáṣá lè wó lulẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Abo ajá tó lóyún tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú náà yẹ fún ìṣọ́ra, torí theobromine máa ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ inú, ó sì máa ń gba inú wàrà.

Báyìí, irú ṣokoléètì. Ṣokoléètì oní-mílíìkì, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọdé fẹ́ràn, ní bíi mílígíráàmù 2 àti díẹ̀ nínú gíráàmù kan. Ká ní àwọn ọmọ yín já gíráàmù 10 fún ajá ńlá: mílígíráàmù 23 nìyẹn, ẹ pín in sí kílò 30, kò tó ẹyọ kan lórí kílò kan. Kí ló fẹ́ ṣe é? Ajá yẹn ní láti jẹ ju gíráàmù 250 lọ, páálí méjì àti ààbọ̀ irú èyí tó wọn gíráàmù 100, kó tó dé ibi tí inú á ti máa rú u. Gbogbo ẹ̀rí ọkọ yín kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ajá ńlá, ṣokoléètì tó fẹ́lẹ́, ìwọ̀n kékeré.

Ẹ wá gbé ọmọ ajá kílò 4 sórí ìwọ̀n kan náà. Gíráàmù 35 ṣokoléètì oní-mílíìkì ti tó láti mú un máa bì. Bó bá rí páálí gíráàmù 100 kan lórí àga, tó sì jẹ ẹ́ tán (ọmọ ajá kì í sọ pé ó tó), ó ti ń súnmọ́ 60 lórí kílò kan, níbi tí gìrì wà. Páálí kan ṣoṣo, èyí tí ọmọdé lè gbàgbé sínú báàgì ilé ìwé rẹ̀.

Ṣokoléètì dúdú le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ ní mílígíráàmù 5 sí 6 nínú gíráàmù kan, èyí tí wọ́n kọ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sára rẹ̀ sì lè ní 8. Fún ọmọ ajá yín, gíráàmù 10 sí 15 ti tó láti dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀. Ṣokoléètì tí kò ní ṣúgà rárá, tí àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń yọ́, máa ń tó 14 sí 16. Ohun tó wá burú jù nínú ilé ìdáná ni ìyẹ̀fun kòkó, torí gíráàmù kan rẹ̀ ní láti 20 títí dé 28. Gíráàmù 3 sí 4, tí kò kún ṣíbí ìjẹun, ti tó ọmọ ajá náà. Bí ajá ńlá yín, ẹni tí ọkọ yín fi ń ṣe ẹ̀rí, bá sì já páálí ìyẹ̀fun kòkó gíráàmù 100 lulẹ̀ tó sì lá a tán, ó kéré tán mílígíráàmù 2000 ló gbé mì. Ẹ pín in sí 30: ó lé ní 66. Ajá tí ṣokoléètì kò rí gbé ṣe láti ọjọ́ yìí ti wọ agbègbè gìrì nìyẹn.

Ti ṣokoléètì funfun kò pọ̀ lẹ́nu mi. Theobromine inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀rá àti ṣúgà ló ń dà á láàmú.

Àwọn ẹ̀rọ ìṣirò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa bá yín ṣe gbogbo èyí. Wọ́n dára, àmọ́ ohun tí ẹ bá kó sí wọn nínú ni wọ́n ń ṣírò. Nítorí náà ẹ mọ ìwọ̀n ọmọ ajá yín kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀: ẹ gbé e dání, ẹ gun òṣùwọ̀n, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ̀yin nìkan tún gùn ún, kí ẹ yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́. Ẹ máa tún un ṣe bó ṣe ń dàgbà. Bí ẹ kò bá mọ iye tó jẹ gan-an, ẹ gbà pé gbogbo ohun tí kò sí nínú páálí mọ́ ló wà nínú rẹ̀. Bí ajá méjì bá sì wà nínú ilé bíi tiyín, ẹ ṣírò rẹ̀ bíi pé èyí kékeré ló jẹ gbogbo rẹ̀, àyàfi tí ẹ bá fojú yín rí i.

Apá tó ń tan àwọn èèyàn jẹ jù lọ ni àkókò. Ajá jẹ ṣokoléètì ní aago mẹ́jọ alẹ́, ó ń ju ìrù, ó ń ṣeré, wọ́n ní “ẹ ò rí i pé kò ṣe é ní nǹkan,” wọ́n lọ sùn. Èébì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 2 sí 4, àmọ́ àwọn àmì tó lágbára sábà máa ń dé láàárín wákàtí 6 sí 12. Ní aago mẹ́ta òru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, ni ajá náà máa bẹ̀rẹ̀ sí rìn sókè rìn sódò. Ó ń mí gúlegúle, ó ń mu omi léraléra, ó ń tọ̀ síbi tí kì í tọ̀ sí, kò lè dùbúlẹ̀. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, ẹ ó gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń sáré. Ara rẹ̀ á gbóná. Lẹ́yìn náà ni iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ẹsẹ̀ á le gan-an, gìrì á tẹ̀ lé e. Àwọn nǹkan wọ̀nyí lè wà lára rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, torí bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe ń fa ẹsẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Bí ọmọ ajá náà bá wá jẹ ẹ́ ńkọ́? Ẹ má dúró de àmì. Ẹ gba èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ mú bébà tàbí páálí rẹ̀ dání, kí ẹ pe dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Ohun mẹ́rin ló máa bi yín: kílò mélòó ni ajá náà, irú ṣokoléètì wo ni, báwo ló ṣe pọ̀ tó, aago mélòó ló jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ní ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́nu ti gba àkókò púpọ̀ là. Nígbà mìíràn dókítà á ṣe ìṣirò náà tán, á ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀, kẹ́ ẹ kàn máa ṣọ́ ọ. Nígbà mìíràn á ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ kíákíá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yan èyí tó yẹ.

Ní ti omi iyọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Iyọ̀ púpọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ májèlé fún ajá: ó máa ń fa omi jáde nínú ọpọlọ, ó sì lè dá gìrì tí ẹ ń sá fún sílẹ̀ tàbí kó pa ọmọ ajá náà. Ajá tí ṣokoléètì kò bá pa, omi iyọ̀ lè pa á. Mílíìkì kò pa theobromine rárá, ó kàn ń fi ọ̀rá àti omi kún inú tó ti ń rú tẹ́lẹ̀ ni. Àwọn kan máa ń rọ òróró sí ajá lẹ́nu. Òróró a máa gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ ó sì wá ní àìsàn méjì láti wò. Ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ní ti hydrogen peroxide tí ẹ lè ti kà nípa rẹ̀, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún nìkan ni àwọn dókítà máa ń sọ pé kí onílé lò, ìyẹn nígbà tí ilé ìwòsàn bá jìnnà tí àwọn fúnra wọn sì sọ iye rẹ̀ lórí fóònù. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè bó ara inú ọ̀nà ọ̀fun àti ikùn. Ajá tó ti ń gbọ̀n, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí tó ti dákú kò gbọdọ̀ bì rárá, torí èébì náà lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àwọn ajá tí imú wọn tẹ̀ wọlé, irú bulldog àti pug, wà nínú ewu yẹn ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ lè gbé omi tútù sí i níwájú kó mu bó bá fẹ́. Bí dókítà bá sì ní kẹ́ ẹ ṣọ́ ọ nílé, ẹ máa mú un jáde lọ tọ̀ léraléra, nítorí ọ̀rọ̀ àpò ìtọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ilé ìwòsàn, kò sí oògùn aporó kan pàtó fún theobromine. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí a kó o kúrò, kí a dí i lọ́nà, kí a sì di ọkàn àti ọpọlọ mú títí ara á fi tú ìyókù palẹ̀. A máa ń fún un ní abẹ́rẹ́ apomorphine kó bì. Ṣokoléètì a máa yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ra nínú ikùn bí òkìtì kan, nítorí náà a ṣì lè rí púpọ̀ kó jáde lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́fà pàápàá. Ẹ má sọ pé ó ti pẹ́ jù. Lẹ́yìn èyí ni èédú ìṣègùn, tó máa ń fa májèlé mọ́ra. A lè fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí theobromine máa ń bá oje ẹ̀dọ̀ padà sínú ìfun kó tó tún wọ ẹ̀jẹ̀. A ó fa omi sí i lára, a lè fi rọ́bà sínú àpò ìtọ̀ rẹ̀ kó má bàa dúró. Bí iṣan bá ń gbọ̀n, diazepam wà fún un. Bí ọkàn bá ń sáré kọjá ààlà, oògùn bíi propranolol á mú un wálẹ̀. Ajá tí wọ́n bá tètè gbé wá kí gìrì tó bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń padà sílé láàyè.

Mi ò ní fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé theobromine nìkan ni ìṣòro. Ọ̀rá inú ṣokoléètì, títí kan ti funfun, lè mú kí pánkíríà (ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́bàá ikùn) wú lẹ́yìn ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ẹ ó rí i pé ajá náà tún bẹ̀rẹ̀ sí bì nígbà tí ẹ ti rò pé ó ti bọ́, tí ikùn ń dùn ún, tí kò fẹ́ jẹun. Bébà àti náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi wé e lè dí ìfun. Àwọn ṣokoléètì kan sì ní èso àjàrà gbígbẹ nínú, èyí tó lè ba kíndìnrín ajá jẹ́, ìyẹn sì yàtọ̀ sí ìṣirò òkè yìí pátápátá.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú wọn ni ṣokoléètì tí wọ́n kọ “kò ní ṣúgà” sí lára. Ẹ wo ara páálí dáadáa bóyá xylitol, ohun adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ ní birch sugar. Kò ṣe èèyàn ní nǹkan, àmọ́ nínú ara ajá ó máa ń tan ara jẹ kó tú insulin jáde rẹpẹtẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á sì já lulẹ̀, nígbà mìíràn láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ajá á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á ṣubú. Ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù péré lórí kílò kan ìwọ̀n ara, ìyẹn bíi gíráàmù 0.4 fún ọmọ ajá yín, ti tó láti dá a sílẹ̀. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Níbí, ẹ má tiẹ̀ ṣírò nǹkan kan. Ẹ gbé ajá, ẹ máa lọ, kí ẹnì kan máa pe dókítà lójú ọ̀nà.

Bí ológbò bá wà nílé, theobromine léwu fún un náà, àmọ́ ológbò kì í mọ adùn ṣúgà lẹ́nu, nítorí náà kì í wá a kiri. Ajá ní tirẹ̀ mọ adùn, imú rẹ̀ sì ju tiwa lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù tó ga tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pa dé dáadáa ni kẹ́ ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí, kí àwọn ọmọ má fi sínú báàgì sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Bí ẹ bá ní ọgbà òdòdó, ẹ má ra èèpo kòkó tí àwọn kan máa ń fọ́n sídìí òdòdó kí ilẹ̀ má bàa gbẹ. Theobromine wà nínú rẹ̀, ó sì ń ta sánsán bíi ṣokoléètì gan-an. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ kí ajá pín nínú ìpápánu wọn, kí wọ́n gé kárọ́ọ̀tì tàbí èso ápù tí wọ́n ti yọ kóró rẹ̀ fún un, kékeré kékeré fún ọmọ ajá.